ASỌ̀RỌ̀-GBÈSÌ: BÍ ARÁ Ọ̀JỌ́ ṢE LÈ FI RÉDÍÒ KÍ ARÁ ERÉKÙṢÙ LÁÀÁRÍN AGBAMI ÒKUN

Ẹni tí ó bá wá sí ìpàdé gbogbogbòò oṣù tí ó kọjá yóò rántí pé ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kí á tó túká. Àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ títún rédíò ṣe ní ọjà Alábà, kọ ìwé pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó láti fi ra ẹ̀rọ rédíò kan tí wọn yóò máa fi bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní àwọn erékùṣù tí ó wà láàárín agbami òkun. Bàbá kan dìde, wọ́n ní ṣé fóònù ti tán láyé ni? Ìyá kan ní èrè wo ni yóò ti ibẹ̀ jáde tí wọn yóò fi san owó ẹgbẹ́ padà. Ẹlòmíràn tún ní bí àwọn sójà bá rí wáyà lórí òrùlé ńkọ́, bárékè Ọ̀jọ́ kò kúkú jìnnà sí wa. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí á ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó di ọjọ́ tí a ó dìbò sí i. Ohun tí a rí rè é.

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti orí orúkọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé àpótí rédíò wá sí Èkó ní 1935, èyí tí wáyà ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú pálọ̀ ẹni, àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀-má-gbèsì ni. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Bú u, yìn ín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa sọ lọ. Rédíò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bèèrè kì í ṣe irú yẹn. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Rédíò àmátọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ń lò ó a máa pe ara wọn ní háàmù. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, wọn kì í polówó ọjà, wọn kì í kọrin fún aráyé gbọ́. Ẹnì kan jókòó nílé rẹ̀, ó pe ẹnì kejì tí òun náà jókòó nílé tirẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè tẹ́tí sí wọn.

Àwọn erékùṣù wo wá ni? Tí a bá dúró sí etí òkun níhìn-ín, tí a kọjú sí gúúsù, a ó rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Fernando Po tí àwọn àgbà mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bioko báyìí, nítòsí ni. São Tomé kò ju bíi 780 kìlómítà lọ sí wa. Annobón, tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, tó bíi 900 kìlómítà; erékùṣù kékeré kan ni, kò tó 20 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn Potogí ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọdún tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tí ó ń wu àwọn ọ̀dọ́ wa jù jìnnà jùyẹn lọ: Ascension, tó bíi 2,500 kìlómítà sí Ọ̀jọ́, Saint Helena, tó bíi 2,700, àti Tristan da Cunha, tí ó lé ní 5,000.

Saint Helena ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó Napoleon sí ní 1815, ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní 1821. Kò sí bàálù èrò tí ń lọ síbẹ̀ déédéé títí di oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀. Tristan kò tilẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú rárá. Ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ni, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan lójú òkun. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 300. Ní 1961 òkè oníná bú gbàmù níbẹ̀, wọ́n kó gbogbo ará ìlú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì wò ó, nígbà tí ó fi di 1963 ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sílé, wọ́n ní Tristan ni àwọn fẹ́.

Ascension ni ó súnmọ́ wa jù nínú ọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ súnmọ́ wa nílẹ̀. Láti 1966 ni BBC ti gbé ilé iṣẹ́ rédíò kan kalẹ̀ síbẹ̀, láti máa fi ìgbì kúkúrú ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ní aládùúgbò tó jẹ́ Haúsá, tí ẹ ti gbọ́ ọ tí BBC ń sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ láàárọ̀ lórí rédíò kékeré, ó ṣeé ṣe kí ohùn yẹn ti Ascension wá. A ti ń gbọ́ erékùṣù náà látọjọ́ yìí, a kò kàn mọ̀ ni. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kò ju pé kí àwa náà dá a lóhùn.

Nǹkan kan tún wà tí ó dùn mọ́ wa nínú. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni a fún ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí yóò máa ṣáájú àmì ìpè àwọn oníredíò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ọkọ̀ ṣe ń fi ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti wá hàn. Ti Nàìjíríà ni 5N. Ṣùgbọ́n kí a tó gba òmìnira ní 1960, ZD2 ni tiwa. Ti Saint Helena ni ZD7, ti Ascension ni ZD8, ti Tristan ni ZD9, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà títí dòní. Àbí ẹ rí i? Agboolé kan náà ni wọ́n kó gbogbo wa sí nígbà náà. Àwa jáde, àwọn ṣẹ́kù síbẹ̀.

Báwo wá ni ohùn ṣe ń dé ibẹ̀ láìsí wáyà, láìsí òpó fóònù, tí ayé sì rí róbótó? Ìgbì rédíò a máa rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá jẹ́ ìrìn tààrà nìkan ni, ilẹ̀ yóò tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, yóò sì gba ojú ọ̀run lọ. Òpó tí ó ń gbé fóònù wa kò kúkú lè ju ìwọ̀nba kìlómítà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í káàkiri àdúgbò bí igi àgbàdo. Ṣùgbọ́n lókè réré, bíi 300 kìlómítà sókè, oòrùn ń ta afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ níbẹ̀ jí, ó ń sọ ọ́ di ohun tí iná mànàmáná lè rìn nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ionosphere. Ẹ fojú inú wò ó bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ dé ayé. Ìgbì kúkúrú tí a bá rán sókè ní ìhà tí ó tọ́ yóò kan igbá náà, igbá yóò sì tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀, sí ibi tí ó jìnnà.

Fífò kan ṣoṣo lè gbé e dé nǹkan bíi 3,500 sí 4,000 kìlómítà. Nítorí náà fífò kan ni láti Ọ̀jọ́ dé Ascension tàbí Saint Helena. Tristan nílò méjì: ìgbì yóò lọ sókè, yóò sọ̀kalẹ̀ sójú òkun, òkun yóò tún gbé e sókè, yóò tún sọ̀kalẹ̀. Omi iyọ̀ sì mọ bí a ti ń gbé ìgbì sókè padà ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ fíìfíì. Níhìn-ín ni Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, nítorí láti Ọ̀jọ́ títí dé Ascension, ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn, kò sí ilẹ̀ kankan láàárín. Omi ni gbogbo rẹ̀. Ìrìn náà kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀ ní Volks láti lọ sí Mile 2 yóò mọ ìyì èyí.

Igbá yìí kì í dúró sójú kan o. Oòrùn ni ó ń ṣe é, oòrùn ni ó sì ń yí i padà. Lọ́sàn-án, ìgbì tí wọ́n ń pè ní mítà 10 àti mítà 15 ni ó dára jù. Mítà 20 kò burú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lóru, mítà 40. Àwa tí a wà nítòsí agbede méjì ayé tún ní wàhálà tiwa: ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní àkókò oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, igbá náà a máa dà rú, ohùn a sì máa gbọ̀n bí ohùn ẹni tí òtútù ń mú. Nǹkan bí ọdún 11-11 ni àmì dúdú ojú oòrùn máa ń pọ̀ tí yóò tún dín kù. Nígbà tí ó bá pọ̀, ìgbì mítà 10 ń lọ káàkiri ayé pẹ̀lú agbára tí kò tó ti gílóòbù kan. Nígbà tí ó bá dín, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Òkè àkókò yìí dé ní 2024, àtìgbà náà ni ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń kánjú, kì í ṣe àìnísùúrù nìkan.

Ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé ìtàn bí ìgbì kúkúrú ṣe di ti àwọn àmátọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ sí Okokomaiko láyé ijọ́un yóò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1912 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin rédíò. Àwọn ológun orí omi àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ ìgbì gígùn, nítorí gbogbo ayé gbà pé ìgbì gígùn ni ó ń rìn jìnnà. Wọ́n wá kó àwọn àmátọ̀ lọ sí ìgbì mítà 200 sísàlẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ kò wúlò, kí wọ́n lọ máa ṣeré níbẹ̀. Bí a ti ń fún àlejò ní igbó nìyẹn. Wọ́n gba igbó náà, wọ́n ń ro ó díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ilẹ̀ Faransé àti Fred Schnell ní Amẹ́ríkà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n gbèsì ara wọn, lórí ìgbì tí kò ju bíi mítà 110 lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi sáré padà wá sí ibi tí wọ́n ti lé àwọn ọmọdé lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń wá ilẹ̀ rà ní Okokomaiko!

Nísinsin yìí, kí ni ẹni tí ó bá fẹ́ pe erékùṣù yóò ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó tẹ́tí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sọ fún wa pé ẹni tí ó bá gbọ́ fún wákàtí kan kí ó tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ni ó ń rí erékùṣù mú. Nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà ní erékùṣù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà láti Japan, Jámánì, Brazil, Amẹ́ríkà. Ẹ fojú inú wo ọlọ́kọ̀ kan tí ó dé ibùdókọ̀ Iyana Ìbà ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Monday. Kí ariwo má baà bo òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀, ará erékùṣù yóò máa sọ̀rọ̀ níbi kan, yóò sì máa gbọ́ níbòmíràn tí ó ga díẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá tẹ́tí kò ní mọ̀, yóò máa pariwo sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Tí ó bá kan ọ́, àmì ìpè rẹ nìkan ni wàá pè, lẹ́ẹ̀kan. Five November, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àti lẹ́tà tìrẹ. Tí ó bá gbọ́ ọ, yóò pe àmì rẹ padà, yóò fi 59 kún un, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mo gbọ́ ọ ketekete. Ìwọ náà yóò fún un ní 59, o dúpẹ́, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èyí ni ó bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa nínú jù nígbà tí a ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: pé kò sí ẹ kú ilé, kò sí àwọn ọmọ ńkọ́, kò sí ṣé dáadáa ni ẹ jí. Ẹ máa bínú, jàre. Tí ọkàn gbogbo wọn bá balẹ̀, tí èrò bá tán lórí ìlà, ọ̀pọ̀ àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọn a bèèrè ojú ọjọ́, wọn a bèèrè ohun tí a ń jẹ. Àárín èrò ni kò ti sí àyè ìkíni.

Ọ̀nà mìíràn tún ti dé báyìí tí kò ní ohùn nínú rárá. Láti 2017 ni Joe Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1993, àti Steve Franke ti gbé FT8 jáde. Kọ̀ǹpútà ni ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rédíò, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ìwọ, 15 fún èkejì, ó sì lè mú ìpè tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ rárá nínú ariwo. Ó wúlò fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí á sọ tọkàn wa, a fẹ́ràn ohùn jù. Kí ni adùn kí kọ̀ǹpútà mi kí kọ̀ǹpútà rẹ?

Nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò tíì rò. Lójú tiwa, Tristan ni ó jìnnà, òun ni ó ṣọ̀wọ́n. Lójú ẹni tí ó wà ní Japan, àwa gan-an ni erékùṣù. Àwọn àmátọ̀ ń ka ayé sí ibi 340, ẹni tí ó bá sì bá ọgọ́rùn-ún nínú wọn sọ̀rọ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí. Saint Helena jẹ́ ọ̀kan, Ascension jẹ́ ọ̀kan, Annobón jẹ́ ọ̀kan, gbogbo Nàìjíríà bó ṣe tóbi tó yìí náà kò ju ọ̀kan lọ. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà kò sì pọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ Alábà kan bá fi 5N pe ayé láti Ọ̀jọ́, òun ni èrò yóò rọ́ lù.

Àwọn ibì kan wà tí kò sí ẹnikẹ́ni láti dáhùn àfi tí wọ́n bá kó ènìyàn lọ. Bouvet jẹ́ ọ̀kan, ti ilẹ̀ Norway, ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Àwọn àmátọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ máa ń dáwó jọ bí ẹni ń dá èsúsú, wọn yóò háyà ọkọ̀ ojú omi, wọn yóò kó rédíò àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ní 2018 wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ erékùṣù náà, ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n yí padà láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ibẹ̀. Owó lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2023 àwọn mìíràn tún gbìyànjú, àwọn yẹn gúnlẹ̀, wọ́n sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀. A mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tiwa nìkan ni nǹkan yìí wọ̀ lórí.

Ó wá kan owó. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó wọ́n. Èyí tí wọ́n ń wò jẹ́ tòkúnbọ̀, oníwáàtì 100. Ìyókù kò ní agbára. Àǹtẹ́nà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ kò ju wáyà bàbà lọ: fún mítà 20, wáyà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 10, tí a gé sí méjì ọgbọọgba, tí a so àárín rẹ̀ mọ́ òpó, tí a fa ìdí méjèèjì sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Fún mítà 15, ó kéré díẹ̀ sí mítà 7. Gbogbo ohun tí ó kù, láti orí wáyà títí dé orí ìdè, Alábà ni. Bátìrì ọkọ̀ ni rédíò náà ń lò, nítorí náà kò dúró de àwọn tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ. Ó ń jẹ bíi ámpíà 20 nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí nígbà tí ó bá ń gbọ́. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan lórí òrùlé lè máa sanra fún bátìrì náà lọ́sàn-án.

Ọ̀tá gidi ni ariwo. A kò sọ ti mọ́sálásí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ariwo inú iná ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń tanná, ínfátà olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù, gílóòbù LED tí kò ní láárí, gbogbo wọn ń da ariwo sínú ìgbì kúkúrú, wọ́n sì ń bo ohùn Tristan mọ́lẹ̀. Ní Okokomaiko ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ojúlé bá tan jẹnẹrétọ̀, ènìyàn lè má gbọ́ nǹkankan. Ẹni tí ó bá lè gbé rédíò àti bátìrì rẹ̀ lọ sí etí omi, kúrò láàárín ilé, yóò rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ tún ń ran àǹtẹ́nà tí ó dúró ṣánṣán lọ́wọ́. Àwọn ará wa tí ó ń gbé ní erékùṣù inú ọ̀sà, lódìkejì Ọ̀jọ́, ni wọ́n ní ibi tí ó dára jù nínú gbogbo wa.

Ti àwọn sójà. Bàbá tí ó bèèrè kò ṣì wí. Òfin Wireless Telegraphy, tí ó ti wà láti 1961, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ tí ń fọhùn sórí afẹ́fẹ́ kalẹ̀ tàbí kí ó lò ó láìgba ìwé àṣẹ ìjọba. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí fífọhùn. Fífọhùn láìní láísẹ́ǹsì, ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n sì lè gba ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn àmátọ̀ Nàìjíríà, Nigeria Amateur Radio Society, wà, òun sì ni ó dúró fún orílẹ̀-èdè wa nínú ẹgbẹ́ àwọn àmátọ̀ àgbáyé. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ fún ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́. Ìbẹ̀rù títẹ̀ Morse tí ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá láyé àtijọ́ kò pọn dandan mọ́. Láti 2003 ni ìpàdé àgbáyé ti fi sílẹ̀ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan láti pinnu.

Òfin àmátọ̀ tún kọ òwò. Ẹ má rò pé wọn yóò máa fi béèrè iye owó kòǹténà ní Dubai. Kò sí ọ̀rọ̀ ọjà, kò sí ọ̀rọ̀ àdììtú tí ẹlòmíràn kò ní lóye. Nítorí náà ìyá tí ó bèèrè nípa èrè, ìdáhùn wa ni pé kò sí kọ́bọ̀ kan tí yóò ti ibẹ̀ wọlé tààrà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọn yóò fi san án padà. Ohun tí ó lè wá láti ẹ̀yìn ni ìmọ̀: ẹni tí ó bá mọ ẹ̀rọ afọhùn tún ṣe yàtọ̀ sí ẹni tí ó mọ kìkì rédíò tí ń gbọ́.

Fóònù ńkọ́, nígbà náà? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn tí ó wà nísàlẹ̀ òkun, tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa wá, já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Báǹkì dákẹ́, owó tí ènìyàn fi ránṣẹ́ kò dé, ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fi wà nínú rẹ̀. Kí á má parọ́, rédíò àmátọ̀ kò lè gbé owó lọ sí báǹkì. Ṣùgbọ́n ohùn yóò lọ, nítorí kò gba inú okùn ẹnikẹ́ni kọjá. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù àwọn ará Annobón lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kan bíbú àpáta ní ìlú wọn. Ẹ ronú erékùṣù tí ó wà ní 900 kìlómítà sí wa, tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi kò lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé okùn ti so àwa àti Saint Helena pọ̀ pàápàá. Okùn Equiano, tí Google fi orúkọ Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú tí ó sì kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789, sọ, dé Saint Helena ní 2021, ó sì dé Èkó ní 2022. Okùn kan náà ni. Kò sì dín ìfẹ́ àwọn oníredíò kù rárá; ṣebí ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò pa ọkọ̀ ojú omi run.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni káàdì. Ẹni méjì tí wọ́n bá ti gbọ́ ara wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, àkókò, ìgbì, àmì ìpè. Àkókò GMT ni gbogbo ayé ń lò, nítorí náà ará Ọ̀jọ́ yóò yọ wákàtí kan kúrò nínú ti aago rẹ̀. Wọn yóò wá fi káàdì ránṣẹ́ sí ara wọn, QSL ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú àwòrán ìlú wọn lójú rẹ̀. Káàdì Tristan lè pẹ́ kí ó tó dé, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé lẹ́tà wọn. Láti 2003 a lè fi í sórí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àmátọ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa ní bébà ni àwọn fẹ́, àwọn yóò gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti ìdìbò, ìmọ̀ràn tiwa rè é, kì í ṣe àṣẹ. Kí ẹgbẹ́ yá wọn, ṣùgbọ́n kí owó náà má jáde títí tí wọn yóò fi gbé láísẹ́ǹsì wá fún akọ̀wé. Kí oníduuro méjì fọwọ́ sí i bí a ti ń ṣe fún ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Kí ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ohun ìdógò títí owó yóò fi pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ kí ó tó dìbò, rédíò kékeré lásán kò lè ṣe é, bí ẹni pé pẹ́pẹ́yẹ ni ó ń sọ̀rọ̀ ni yóò máa dún, nítorí ọ̀nà tí àwọn àmátọ̀ ń gbà fọhùn yàtọ̀. Rédíò tí a kọ SSB sí lára ni kí ó wá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn tí ń bèèrè owó náà, wọ́n sì ti gbà pé àwọn yóò gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá máa tan jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn jọ̀ọ́ dúró díẹ̀ ná.